Ọmọ kíláàsì mi béèrè nípa Haber: ṣé ká máa yìn ín ni àbí ká máa bú u?

Tíṣà_Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Kẹ́mísìrì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2, ó ti pé ọdún mọ́kànlá báyìí. Lọ́dọọdún tá a bá dé orí ammonia, gáàsì tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀ òyìnbó, bákan náà ni mo máa ń ṣe é. Màá kọ ọ́ sójú pátákó: nitrogen kan, hydrogen mẹ́ta, ooru 450°C, ìfúnpá atmosphere 200, irin ni catalyst, ohun tó ń mú kó tètè ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ á há a sórí nítorí WAEC, ó parí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó létí fèrèsé nawọ́ sókè. Ó ti lọ ka nípa Haber, ẹni tó wá ọ̀nà ammonia yẹn rí, lórí fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní, "Sà, ẹni tẹ́ ẹ ń sọ yìí, ṣé òun kọ́ ló fi gáàsì pa àwọn sójà?" Mo ní òun ni. Ó ní, "Ṣé ká máa yìn ín ni sà, àbí ká máa bú u?" Kíláàsì pa lọ́lọ́. Agogo lù kí n tó lanu, ọ̀rọ̀ náà ò sì tíì kúrò lọ́kàn mi.

Fún ẹni tí kò bá mọ ìtàn náà: ọmọ Jámánì ni Fritz Haber, ilé Júù ló ti wá, wọ́n bí i ní 1868 ní ìlú Breslau, tó ti di Wrocław ní ilẹ̀ Poland lónìí. Ní 1909, ní Karlsruhe, ó fi han àwọn ará BASF, ilé iṣẹ́ kẹ́míkà ní Jámánì, pé òun lè fa nitrogen inú afẹ́fẹ́ kó di ammonia. Ẹ̀rọ orí tábìlì lásán ni, ammonia ń kán tó-tó-tó nídìí rẹ̀. Carl Bosch, òṣìṣẹ́ BASF, ló sọ ohun orí tábìlì yẹn di ilé iṣẹ́ ńlá. Ní 1913 ni ti Oppau, ní Jámánì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ibẹ̀ ni ajílẹ̀ òyìnbó tí wọ́n fi ammonia yẹn ṣe ti ṣẹ̀ wá.

Kò ju ọdún méjì lọ lẹ́yìn ìyẹn. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1915, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, lẹ́bàá Ypres ní Belgium, Haber yìí kan náà ló darí bí wọ́n ṣe tú gáàsì chlorine sí àwọn ọmọ ogun tó wà nínú kòtò. Sílíńdà tó lé ní 5,000 ni wọ́n rì mọ́lẹ̀, gáàsì inú wọn lé ní tọ́ọ̀nù 150. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọ́n fi ń dúró de afẹ́fẹ́ tó máa fẹ́ síbi tí wọ́n ń fẹ́. Haber ò jókòó sílé kó máa fi ìwé ránṣẹ́ o. Ó wà níbẹ̀. Ẹ̀bùn Nobel ti 1918 sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, nítorí ammonia.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Kí ni kí n sọ fún ọmọ yìí?

Àgbẹ̀_Ìsẹ́yìn

Tíṣà, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ o. Èmi ò ka kẹ́mísìrì, àmọ́ mo mọ urea, ajílẹ̀ tí wọ́n fi ammonia yẹn ṣe.

Bàbá mi ò lo fatiláísà títí tó fi kú. Tí ilẹ̀ bá ti ṣá, á fi í sílẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, méje, kó padà di igbó, á lọ ṣán ibòmíràn. Ilẹ̀ wà nígbà náà. Lónìí, èmi àti àwọn àbúrò mi márùn-ún la jọ pín ilẹ̀ kan ṣoṣo yẹn, àwọn ọmọ wa náà sì ti ń wò ó. Ibo la fẹ́ ṣí lọ?

Ẹ wá wo àgbàdo tí ebi nitrogen ń pa. Ewé ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ ń pọ́n, láti ṣóńṣó wá sí àárín, bí ìgbà tí wọ́n fi iná rà á lórí. Ẹ bu urea, ìdérí ìgò kan fún ìdí kan, ẹ gbẹ́ ihò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ bò ó, kí òjò rọ̀ lé e. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ewé á ti dúdú, á tutù yọ̀yọ̀. Urea yẹn ni mo fi rán ọmọ mẹ́ta nílé ìwé.

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó mọ̀ pé tí kì í bá ṣe ti ammonia yìí, oúnjẹ ayé ò ní tó fún fẹ́rẹ̀ẹ́ ìdajì àwọn tó wà láyé lónìí. Ẹ má bá mi bú ọkùnrin náà tán o.

Nọ́ọ̀sì_Àdùkẹ́

Bàbá, ẹ kú oko o. Mi ò bá yín jiyàn lórí urea. Chlorine ni mo fẹ́ sọ, nítorí ó ti wọ imú tèmi rí.

Mò ń fọ ilé ìwẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan. Mo da bílíìṣì sílẹ̀, ìdọ̀tí ibẹ̀ ò lọ, mo bá da ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ṣáláńgá lé e lórí. Ó yẹ kí n mọ̀, iṣẹ́ mi ni. Ọkàn mi ò sí níbẹ̀ ni. Ó hó wìì. Èéfín tó jáde ò pọ̀, ó kàn ní àwọ̀ ewé tó fẹ́ pọ́n díẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun mi dí pa. Mò ń mí, èémí ò wọlé. Ojú ń ta mí bí ẹni fi ata rẹ́ ẹ. Orúnkún ni mo fi rákò jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ikọ́ ọjọ́ náà sì bá mi jà ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ìgò kékeré méjì péré nìyẹn o, fèrèsé sì ṣí sílẹ̀.

Ẹ wá ro tọ́ọ̀nù 150. Chlorine wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń wọ́ lọ. Kòtò tí sójà gbẹ́ kí ọta ìbọn má bà á, inú rẹ̀ gan-an ni gáàsì ń ṣàn sí bí àgbàrá. Ẹni tó yan chlorine mọ̀ pé ó wúwo. Ara ìdí tó fi yàn án nìyẹn. Mi ò lè gbé ìyẹn kúrò lọ́kàn.

Ohun kan sì tún wà tí a kì í sábà gbọ́: abẹ́ Faransé ni àwọn tó kọ́kọ́ fà á símú ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà wà, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n kó wá láti Algeria. Ilẹ̀ Áfíríkà nílé wọn. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ kíláàsì yín gbọ́ ìyẹn náà, Tíṣà.

Ẹnjiníà_Dàmọ́lá

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á sí àfojúdi tí mo bá sọ tèmi.

Ó dà bíi pé ẹ̀bi gbogbo ogun la fẹ́ dì ru ẹnì kan. Faransé ti lo gáàsì tó ń ta ojú ní 1914. Kí 1915 náà tó parí, ní oṣù kẹsàn-án, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti tú chlorine tiwọn ní Loos. Bí Haber ò bá ṣe é, ẹlòmíràn á ṣe é. Àwọn ọ̀gágun ló sì pàṣẹ, kì í ṣe onímọ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ammonia tí Bàbá ń yìn yìí náà kò mọ́ tónítóní. Ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ti dí ọ̀nà nitrate, iyọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ètù, tí Jámánì ń kó wá láti Chile. Ètù ìbọn ì bá ti tán lọ́wọ́ wọn. Ammonia Oppau ni wọ́n sọ di nitric acid, òun ni wọ́n fi ṣe àdó olóró, tí ogun fi gùn tó bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ la fẹ́ tọpa, ó wà nínú àpò urea náà. Ibo la máa wá fa ìlà sí?

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ

Àbúrò Dàmọ́lá, kò sí àfojúdi níbẹ̀. Ìbéèrè gidi ni, ó sì ti bá mi láti kékeré, nítorí ilé àgbẹ̀dẹ ni wọ́n ti bí mi, ní Ìwó.

Bàbá wa àgbà ló ń rọ ọkọ́, ló ń rọ àdá, ló ń rọ ọ̀bẹ. Irin kan náà, ẹwìrì kan náà. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan wọlé wá, ó ní òun fẹ́ àdá lójú ẹsẹ̀, iye tí wọ́n bá pè é lòun máa san. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń jà lórí ààlà ilẹ̀. Bàbá wò ó, wọ́n ní iná ti kú, kó padà wá ní ọjọ́ kẹta. Mo wà níbẹ̀, èmi ni mò ń fín ẹwìrì. Iná ń jó. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ, ìyá wa àgbà ní, "Ẹ̀yin bàbá yìí, iná tó ń jó yìí lẹ ní ó kú?" Wọ́n ní, "Mo rí i."

Èmi ọmọdé wá béèrè ohun tí ìwọ náà béèrè, pé bó bá wá lọ rà á lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ mìíràn ńkọ́? Wọ́n ní, "Tó bá rí i rà níbòmíràn, kì í ṣe òòlù mi ló rọ ọ́."

Ibẹ̀ ni mo ti rí ìlà tí ò ń wá. Ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ àdá ni bàbá wa rọ, ẹnikẹ́ni lè fi èyíkéyìí nínú wọn ṣe ibi, wọn ò sì lè mọ̀. Irú ẹ̀ ni ammonia. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró níwájú wọn lálẹ́ yẹn, wọ́n rí ojú rẹ̀. Haber rí ojú tiẹ̀. Ó mọ ibi tí gáàsì ń lọ, ó mọ ẹni tó wà níbẹ̀, ó ń wo afẹ́fẹ́ kó tó sọ pé ó yá. Òun ló lọ bá àwọn ọ̀gágun pẹ̀lú ọgbọ́n yẹn. Wọn ò fi ipá mú un.

"Ẹlòmíràn á ṣe é" náà kò fi bẹ́ẹ̀ rọrùn. Wọ́n pe Max Born sí iṣẹ́ gáàsì yẹn, ọmọ Jámánì ni, onímọ̀ físíìsì ni, ó kọ̀. Ní ogun kejì, Joseph Rotblat, onímọ̀ físíìsì, wà ní Los Alamos ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì. Nígbà tó hàn sí i ní ìparí 1944 pé Jámánì ò ní bọ́ǹbù kankan lọ́wọ́, ó di ẹrù rẹ̀, ó padà sí England, ó lọ fi físíìsì rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìwòsàn. Àwọn èèyàn wà tí wọ́n sọ pé iná ti kú.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Berlin

Ẹ kú ìjókòó o. Ilé ìwádìí tí Haber darí ní Dahlem ṣì wà níbí, orúkọ rẹ̀ ló sì ń jẹ́ títí dòní. Mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́. Àdúgbò tó tutù ni, igi pọ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé ń gun kẹ̀kẹ́ lọ, ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀.

Tíṣà, ẹ má gbàgbé ìyàwó rẹ̀. Clara Immerwahr lorúkọ rẹ̀, onímọ̀ kẹ́mísìrì lòun náà. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba oyè dókítà nínú kẹ́mísìrì ní Yunifásítì Breslau, ní 1900. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ló fẹ́ Haber, bó ṣe kúrò nínú ìwádìí tirẹ̀ nìyẹn. Ní ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún ọdún 1915, ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn Ypres, ó mú ìbọn ọkọ rẹ̀, ó yìn ín mọ́ ara rẹ̀ láyà nínú ọgbà ilé wọn ní Dahlem. Hermann, ọmọ wọn, kò tíì pé ọdún mẹ́tàlá, òun ló bá ìyá rẹ̀ níbẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí Haber fi kọrí sí ojú ogun ìlà-oòrùn, ó fi ọmọ náà sílé.

Ohun tí obìnrin yìí ṣe, èmi kà á sí ìdájọ́.

Ìyá_Ìbejì

Ọmọ Ẹ̀gbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ikú obìnrin yẹn dùn mí, ṣùgbọ́n kò sí lẹ́tà kankan látọwọ́ rẹ̀ lónìí tó sọ ìdí tó fi ṣe é. Ilé ọkọ ti le fún un tipẹ́. Ó kàwé ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin ìgbà rẹ̀ lọ, inú kíṣìnnì ló sì bá ara rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ń di gbajúmọ̀. Ìyẹn nìkan tó nǹkan tó ń pa èèyàn. Ẹ má jẹ́ ká fi òkú ṣe ẹlẹ́rìí ọ̀rọ̀ tí kò sọ.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Berlin

Mo gbà, mà. Ẹ ṣeun. Mo mú ọ̀rọ̀ "ìdájọ́" yẹn kúrò. Ẹnì kan tó dá a lẹ́jọ́ ni Rutherford, onímọ̀ físíìsì ńlá ní Cambridge: nígbà tí Haber sá dé Cambridge ní 1933, Rutherford kọ̀ láti pàdé rẹ̀ nítorí gáàsì náà. Òkú Clara àti ti Haber sì jọ wà ní ojú oórì kan náà báyìí, ní Basel.

Ẹnjiníà_Dàmọ́lá

Bàbá Alágbẹ̀dẹ, ìtàn yín wọ̀ mí lára. Mo ti kà á tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo gbà pé lórí Ypres, mi ò ní àwíjàre kankan fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè èyí. Lẹ́yìn ogun, láàárín 1920 sí 1930, àwọn tó wà lábẹ́ Haber ṣe oògùn kòkòrò tó ní májèlé cyanide nínú, tí wọ́n fi ń pa iná inú aṣọ àti kòkòrò inú ọkà. Ibẹ̀ ni Zyklon B ti jáde. Ní 1933, ìjọba Hitler pàṣẹ pé kí Haber lé àwọn Júù tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ó sì kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀; Júù lòun náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti di Kristẹni láti ìgbà èwe; ó kú ní Basel ní oṣù kìíní 1934. Lẹ́yìn tó kú ni wọ́n fi Zyklon B pa àwọn Júù ní Auschwitz, àgọ́ ikú ìjọba Hitler, àwọn kan nínú ẹbí Haber fúnra rẹ̀ sì wà nínú wọn. Ṣé ẹ ó ka ìyẹn náà sí i lọ́rùn?

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ

Rárá, àbúrò. Òun kọ́ ló wà nídìí iná lọ́jọ́ yẹn. Ìbànújẹ́ ló jẹ́ fún mi, n kò lè pè é ní ẹ̀bi rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Àdùkẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ibí yìí lọ̀nà tèmi àti tiyín ti yà díẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Èmi ò gbà pé ọwọ́ ẹni tó ṣe nǹkan mọ́ lọ́jọ́ tó bá ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ wo dichlorvos, oògùn kòkòrò olómi tí kò sí ọjà tí kò sí. Ìdílé kan náà lòun àti gáàsì ogun tí wọ́n ń pè ní tabun. Gerhard Schrader ní Jámánì ló ṣèèṣì bá tabun pàdé ní 1936. Oògùn tó máa pa kòkòrò oko ló ń wá. Ohun tó ń ṣe sí iṣan kòkòrò náà ló ń ṣe sí iṣan èèyàn.

Mo ti gba ọmọdé tó mu ún wọlé. Ọmọ ọdún mẹ́rin. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí omi, ọmọlójú rẹ̀ há kékeré bí ojú abẹ́rẹ́, ara ń gbọ̀n. Orí férémù fèrèsé ni wọ́n gbé ìgò náà sí, ó kéré bí ìgò oògùn ikọ́. A rí i gbà là, Ọlọ́run ṣeun, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn là ń rí gbà. Àwọn kan sì ń wọ́n ọn sí ẹ̀wà kí kòkòrò má bà á jẹ́, àwa la ó lọ rà á sè.

Ní 2019, NAFDAC ní kí wọ́n má ṣe é ní ìgò kékeré mọ́. Ẹ bi ara yín: ta ló kọ́kọ́ jókòó, tó mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, tó sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n rọ ọ́ sínú ìgò tí ọwọ́ ọmọdé lè dì mú? Onímọ̀ ló mọ̀ ọ́n jù. Iṣẹ́ ẹ̀ ò parí níbi tó ti rí i pé ó ń pa kòkòrò. Ẹnu ẹ̀ ló yẹ ká ti kọ́kọ́ gbọ́ pé nǹkan yìí ò gbọdọ̀ jáde báyìí.

Àgbẹ̀_Ìsẹ́yìn

Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ yín bá mi nílé. Ìyàwó mi máa ń ṣan ìgò oògùn oko, á fi rọ epo pupa. A ti ń ṣe é láti ọdún mélòó kan, kò sẹ́ni tó sọ fún wa. Ní àárọ̀ yìí mo kó gbogbo wọn, mo dá ìsàlẹ̀ wọn lu. Epo tó wà nínú wọn, mo dà á nù.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ

Nọ́ọ̀sì, ẹ fún mi ní nǹkan rò. Bàbá wa àgbà mọ gbogbo ẹni tó ń ra àdá lọ́wọ́ wọn, orúkọ lorúkọ. Ẹni tó ń ṣe ìgò mílíọ̀nù kan kò lè rí ojú ẹnikẹ́ni. Bóyá nítorí náà gan-an ló ṣe yẹ kó ṣọ́ra ju alágbẹ̀dẹ lọ. Mo gbà pẹ̀lú yín níbẹ̀.

Tíṣà_Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo kọ́ wọn lónìí.

Mo mú ike urea kékeré kan lọ. Mo bu ú sí wọn látẹ́lẹwọ́, wọ́n rí i, funfun bí ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́. Mo da díẹ̀ sínú ife omi, mo ní kí wọ́n dì í mú yíká. Ife náà tutù sí wọn lọ́wọ́, wọ́n hó yèè. Mo sọ ti Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn fún wọn. Lẹ́yìn náà ni mo kọ 1909 sí apá kan pátákó, mo kọ 1915 sí apá kejì, mo sì sọ ti bílíìṣì àti ásíìdì. Kò sẹ́ni tó hó mọ́. Mo sọ ti àwọn ọmọ Algeria. Mo sọ ti iná tí bàbá alágbẹ̀dẹ ní ó ti kú.

Mo wá dá ọmọbìnrin yẹn lóhùn. Mo ní ká yìn ín fún 1909, ká dá a lẹ́bi fún 1915, kí a má sì jẹ́ kí ọ̀kan pa èkejì rẹ́. Ó ro ó díẹ̀, ó ní, "Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni, sà." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò fi nǹkan kan kún un.

Nígbà tí mo sọ ti Clara, ó tún nawọ́. Ó ní, "Sà, kí lòun ṣe ìwádìí lé lórí?" Mi ò mọ̀. Mo ti sọ ti ìbọn, mo ti sọ ti ọgbà, mi ò wádìí iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin náà. Mo lọ wá a nígbà tí mo délé. Iyọ̀ àwọn mẹ́táàlì tí kì í fẹ́ yòrò nínú omi ni: ti mercury, copper, lead, cadmium àti zinc. Ó wá bí a ṣe lè wọn ìwọ̀nba tó ń yòrò nínú wọn.

Solubility, bí nǹkan ṣe ń yòrò, ló kàn nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti kọ orúkọ Clara sókè ojú ìwé náà.